Ìwọ Ni Yóò Wa Lándirófà Afo

Ọ̀wọ̀,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àsárì.

Ràbíátù ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní òkè Afo níbẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní ṣé ò ń jẹun. Èmi náà wà, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. N kò ní í kí ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gùn, mo sì ti ra bébà tó pọ̀ nítorí rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. Ìyá rẹ ní kí n kà á sókè. Mo kà á tán fún un. O ní wọ́n ti gbé dírẹ́bà ilé ìgbẹ̀bí yín lọ sí ibòmíràn, wọn kò sì tíì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. O ní Lándirófà wà lábẹ́ igi máńgòrò, epo wà nínú rẹ̀, táyà rẹ̀ dára, adìẹ sì ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. O ní wọ́n gbé obìnrin kan wá láti oko ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. O dúró pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó lè gbé e dé Ọ̀wọ̀, kò sì sí ẹnì kan ní gbogbo àdúgbò tó mọ̀ ọ́n wà, títí ọkọ̀ akóṣu kan fi kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́run ló yọ obìnrin náà. O wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Bàbá, mo ń bọ̀ wálé. Ẹ bá mi wá iṣẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, n kò ní í lè dúró máa wò ó."

Ìdáhùn mi rèé, n kò ní í fi pamọ́ sí ìdí lẹ́tà: má wá sílé. Dúró sí Afo. Ìwọ ni yóò wa Lándirófà yẹn.

Mo mọ̀ pé o ti ju bébà yìí sórí tábìlì báyìí. Mú un padà, kà á tán. Ṣé èmi ni mo bí ọ, àbí ìwọ lo bí mi?

Mo kọ́kọ́ ní ẹ̀bẹ̀ kan láti bẹ̀ ọ́. Nígbà tí o parí ìwé mẹ́wàá, o wá bá mi lábẹ́ ọkọ̀ níbi tí mo ti ń tú bíréèkì, o ní, "Bàbá, ẹ kọ́ mi ní mọ́tò." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni obìnrin fẹ́ fi sítíárìn ṣe, ṣé yóò fi ro ọkà ni? Àwọn mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀ bá mi rẹ́rìn-ín, o sì yí padà, o wọlé lọ. N kò ronú kàn án mọ́ títí di ọjọ́ Ajé tí lẹ́tà rẹ dé. Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Bí mo bá ti kọ́ ọ nígbà náà ni, obìnrin yẹn kì bá tí dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Dárí jì mí. Ẹ̀bẹ̀ náà parí, iṣẹ́ ló kù.

Jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń bá ọ gbé lábẹ́ igi náà fún ọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lọ́jọ́ tí mo sìn ọ́ dé Afo, ìyá rẹ sì sọ lójú ọ̀nà nígbà tí à ń padà pé mo wo ọkọ̀ ju bí mo ṣe wo yàrá tí ọmọ mi yóò máa sùn lọ. Òótọ́ ni.

Irú Lándirófà mẹ́ta ni mo ti wà láyé mi. Irú kìíní ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ ara wọn lẹ́yìn àwọ̀n wáyà, tapólì ni òrùlé rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi sọ pé ẹ̀yìn ogun àgbáyé ni òyìnbó ṣe é, nígbà tí irin gidi wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi jẹ́ irin fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò, irú tí kì í dípẹtà. Ó ní oko ni wọ́n ṣe é fún, kó lè fa ohun èlò ìroko, kó sì tún gbé àgbẹ̀ lọ sọ́jà. Irú kejì dé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ ikùn díẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lágbára sí i. Nígbà tó yá, wọ́n gbé iná iwájú kúrò láàárín, wọ́n gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Irú kẹta ni tìrẹ. Àwọ̀n iwájú rẹ̀ ti di oníke dúdú. Aago tó ń sọ epo àti èyí tó ń sọ eré, tí wọ́n máa ń wà láàárín tẹ́lẹ̀ tí dírẹ́bà ń yọrùn wò wọ́n, ti wá sí iwájú dírẹ́bà gan-an.

Nínú irú kọ̀ọ̀kan, kúkúrú wà, gígùn wà. Nínú gígùn, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù wà, èyí tó ní fèrèsé yíká àti òrùlé méjì lórí ara wọn nítorí oòrùn wà, èyí tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn sí lẹ́yìn bíi tìrẹ náà wà. Eegun kan náà ni gbogbo wọn. Bí o bá mọ ọ̀kan, o ti mọ ìdílé.

O kọ ọ́ pé bàbá àgbàlagbà kan ní Afo sọ pé ọkọ̀ ọkùnrin ni Lándirófà náà. Bá mi kí bàbá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò sí ohun tó jẹ́ akọ lára ọkọ̀ yẹn ju ariwo rẹ̀ lọ.

Ní báyìí, àṣìṣe mi. Ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo jìn sí púpọ̀, àwọn tó yẹ ọ́ ni n ó sọ.

Èkíní ni ti jíà. Jíà irú kìíní le. Bí o bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí jíà kejì lórí òkè, wàá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wàá bọ́ sí àárín, wàá jù ú sílẹ̀, wàá tún tẹ̀ ẹ́, kí o tó fà á wọlé. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé, "Búràímọ̀, gbọ́ ohùn rẹ̀ ná." Èmi kò ní sùúrù. Ní ọjọ́ kan, mo gbé àwọn ọ̀gá méjì tó ń wọn igbó, mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo yára. Orí òkè la wà tí mo fi agídí ki jíà bọ̀ ọ́. Eyín rẹ̀ fọ́ nínú, ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn wọ oko kòkó olóko, àwọn ọ̀gá méjèèjì ń pe Jésù, èmi ń pe Ọlọ́run. Mo sọ fún gbogbo ayé pé jíà ló bàjẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Jíà iwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ọkọ̀ tìrẹ ni wọ́n ti tún ṣe, gbogbo wọn ń wọlé wọ́ọ́rọ́. Ìyà tó jẹ mí kò ní í jẹ ọ́. Síbẹ̀, gbọ́ ohùn rẹ̀ ná. Àwọn ìyá àgbà Afo tí o ní wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn wá bímọ lọ́dọ̀ rẹ náà ńkọ́? Ràbíátù, mo mọ ẹnu rẹ. O ti fi ìwé tí o kà halẹ̀ mọ́ wọn. Jù ú sílẹ̀ ná, lọ kí wọn ní ilé wọn, jókòó, jẹ ohun tí wọ́n bá fún ọ, kí o tó tún fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà.

Èkejì ni ti ọ̀pá kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà ńlá. Orí ọ̀kan pupa, orí èkejì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Tí o bá tẹ oníyeyè mọ́lẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò máa fà. Tí o bá fa pupa sẹ́yìn, nígbà tí ọkọ̀ bá dúró pátápátá, agbára yóò di ìlọ́po, eré yóò sì kéré. Ìyẹn wà fún ẹrẹ̀ àti òkè gíga. Mo fẹ́ràn oníyeyè yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú títì ọlọ́dà, èmi ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti Ọ̀wọ̀, kí àwọn èrò lè rí i pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo ń fi rìn. Bí mo ṣe ń lọ sí Upenmen lọ́jọ́ kan, ṣáàfù já lábẹ́ mi lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ Upenmen, ẹsẹ̀ méjì péré.

Agbára wà fún ọjọ́ ẹrẹ̀. Lójú títì, jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjì ṣiṣẹ́, kí méjì sinmi. Láti dá oníyeyè padà sókè, dúró, fa pupa sẹ́yìn, tún tì í síwájú, yóò fò sókè fúnra rẹ̀. Mo sì ń bá ara rẹ náà wí níhìn-ín. Ìyá rẹ sọ pé o kọ̀wé sí òun pé o kò sinmi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ta ló rán ọ ní iṣẹ́ yẹn? Ọjọ́ tí kò bá sí aláboyún nílẹ̀, sùn.

Ẹ̀kẹta kúrú. Nígbà tí wọ́n gba kúkúrú lọ́wọ́ mi tí wọ́n fún mi ní gígùn, mo bínú ní odidi oṣù kan. Mo ń wà á bí ẹni pé kúkúrú ni. Odò kékeré kan wà lọ́nà oko, tí kúkúrú máa ń sọ̀ wọ̀ tí ó sì máa ń gùn jáde. Mo gbé gígùn wọ̀ ọ́, ikùn rẹ̀ gbé sórí bèbè, táyà ń yí lófìfo. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́jọ ló fi ọ̀pá gbé wa kúrò, wọ́n sì bú mi dáadáa. Ohun tí wọ́n fún ọ ni kí o wà, má máa wa èyí tó wà lọ́kàn rẹ. Ọ̀wọ̀ wà lọ́kàn rẹ, ilé ìwòsàn ńlá tí iná kì í kú, tí dókítà wà nítòsí. Afo ni wọ́n fún ọ.

Ẹ̀kẹrin ni ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni fún ohun tó lé ní ogún ọdún, títí di ọ̀sẹ̀ yìí. Jókòó, kí o tó kà á.

O mọ Màmá Isuada. Òun ló ń di irun rẹ nígbà tí o wà ní kékeré, òun ló sì ra aago ọwọ́ tí ò ń lò báyìí fún ọ lọ́jọ́ tí o jáde ní ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí. O ti béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ rí pé kí ló dé tí Màmá kò bímọ. Ìyá rẹ ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ohun tó mọ̀ ló sọ.

Ọkọ Màmá, Lásísì, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, àti èmi la jọ ń wa Lándirófà kan ṣoṣo ní àgọ́ àwọn awọngbó lọ́nà Isuada. Irú kejì ni, gígùn. Àwa dírẹ́bà ìgbà náà ní àṣà kan. Nǹkan kékeré dúdú kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí à ń pè ní rótọ̀, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Bí o bá yọ ọ́, iná kì í dé ara pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì kò sì ní í dáhùn. Bí dírẹ́bà bá ń kúrò nídìí ọkọ̀, yóò yọ rótọ̀ sápò, kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀. Lásísì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń ṣe é, nítorí n kò fẹ́ kí àwọn ọ̀gá rí i pé ó mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ. Ó sì mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ.

Ìgbà Ìgógò ni, ọjọ́ tí Ọlọ́wọ̀ ń jáde jó nígboro. Bàbá mi, tó jẹ́ Mùsùlùmí líle, ti kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọ́dọ̀ lọ wò ó. Mo sọ fún Lásísì pé mo fẹ́ lọ kí àbúrò bàbá mi tí ara rẹ̀ kò yá. Mo yọ rótọ̀ sápò, mo gun kẹ̀kẹ́, mo lọ wo Ìgógò.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àwáwù, ìyẹn Màmá Isuada, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Oyún àkọ́kọ́ ni. Nígbà tí agbẹ̀bí rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju òun lọ, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀. Lásísì tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn Lándirófà, wọ́n gbé e sí i. Ó tẹ sítátà, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Ó mú irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti ìta, ó lọ sí iwájú, ó yí i. Ó yí i títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ìyàwó rẹ̀ ń ké lẹ́yìn, òun ń yí i níwájú. Kò wá sí i lọ́kàn láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí kò lérò pé mo lè yọ rótọ̀ lọ́jọ́ tí mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ wà nínú oṣù rẹ̀. Mo mọ̀, Ràbíátù. Mo mọ̀ pé ó wà nínú oṣù rẹ̀. Mo ṣáà ní kò ní í jẹ́ òní.

Nígbà tó ṣí i tó rí i pé rótọ̀ kò sí níbẹ̀, ó yá kẹ̀kẹ́, ó gùn ún wá sí Ọ̀wọ̀. Ó lọ sí ilé àbúrò bàbá mi, ó bá a tó ń jẹ iṣu, ara rẹ̀ le koko. Ó wá mi kiri láàárín èrò. Agogo ń dún, èmi ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan di ọwọ́ mi mú láti ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, èmi náà sì mọ̀ kí ó tó lanu.

Nígbà tí a fi dé Isuada, tí a gbé obìnrin náà dé ilé ìwòsàn, ọmọ ti kú sí i nínú. Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé e jáde. Ọkùnrin ni. Màmá kò lóyún mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lásísì bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo: "Búràímọ̀, kí ló dé tí o fi mú un lọ?" Mo purọ́. Mo ní ó ti dọ̀tí, mo mú un lọ láti fi bébà tí wọ́n fi ń ha irin họ ọ́. Ó wò mí, ó ní ó dáa. Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú, a sì jọ jẹun, a jọ ṣiṣẹ́. N kò yọ rótọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo rò pé mo ti ronú pìwà dà nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọkọ̀. Ìyá rẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún ọdún pípẹ́, kò mọ ibi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. Nígbà tí ọmọ bíbí inú mi bẹ̀ mí, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Rótọ̀ ṣì wà nínú àpò mi, èmi ni n kò mọ̀.

Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Isuada ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo bá Màmá níwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti Ìgógò, ti irọ́ bébà, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo wà ní ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, orúnkún mi ń dùn mí. Mo wá sọ fún un nípa obìnrin tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ní Afo.

Ó ní, "Ọma náà mọ ọkọ̀ọ́ wà?"

Mo ní, "Rárá o, kò mọ̀ ọ́n wà."

Ó ní, "Kí lo wá ń ṣe ní ulé mi?"

Ó dìde, ó gbé àwo ẹ̀gúsí rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. N kò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí. N kò ní í mọ̀ ọ́n lónìí, bóyá n kò sì ní í mọ̀ ọ́n lọ́la. Ohun tí mo mọ̀ ni iṣẹ́ tó rán mi, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní àná, mo lọ bá ọ̀gá yín tó wà ní Ọ̀wọ̀ níhìn-ín. Ó ní òun kò tíì rí agbẹ̀bí tó ń wa Lándirófà rí. Mo ní yóò rí ọ̀kan. Ó fi ẹ̀rín bojú, mo jókòó. Ó lọ jẹun ọ̀sán, ó padà wá bá mi níbẹ̀. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ń lẹ̀, ó kọ ìwé àṣẹ fún mi pé kí n kọ́ ọ, mo sì ti fi orúkọ rẹ gba ìwé ẹni tó ń kọ́ mọ́tò. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń bọ̀ ní Afo. Mo ní láti gbé ọjọ́ púpọ̀, bá mi wá ibi tí n ó sùn sí, bí ó tiẹ̀ jẹ́ nínú yàrá oògùn. Ní ọjọ́ kìíní, o kò ní í tan ẹ́ńjìnnì rárá. Wàá jókòó sí ààyè dírẹ́bà, wàá di ojú rẹ, wàá máa fọwọ́ kan ohun tí mo bá dárúkọ títí ọwọ́ rẹ fi mọ̀ ọ́n láìwò. Lẹ́yìn náà ni pápá ilé ìwé, lẹ́yìn náà ọ̀nà oko, lẹ́yìn náà òkè. N ó bú ọ. Bú mi padà nínú ọkàn rẹ, ṣùgbọ́n má sọ̀kalẹ̀. Wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Kó adìẹ kúrò lábẹ́ ọkọ̀ kí n tó dé.

Mú ẹnì kan wá kí ó bá ọ kọ́ ọ, èyí ni àṣẹ mi tó ga jù. O sọ nípa obìnrin tó ń bá yín fọ ilé, pé ara rẹ̀ le, pé kì í bẹ̀rù. Òun ni mo fẹ́. Bí o bá wà lẹ́yìn tí ò ń mú aláìsàn dání, ta ni yóò wà níwájú? Bí ìwọ fúnra rẹ bá ṣàìsàn ńkọ́? Ohun kan náà ni kí o ṣe sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Kọ́ àwọn ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí nílé ní bí wọ́n ṣe ń se abẹ kí wọ́n tó fi gé ìwọ́. Àwọn kan nínú iṣẹ́ yín yóò sọ pé bí o bá kọ́ wọn, iyì rẹ yóò dínkù. Mo ti ní irú iyì yẹn rí. Ó gba odidi ènìyàn kan lọ́wọ́ Lásísì.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Lánàá, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ọ́fíìsì yẹn, ẹ̀rù bà mí náà. Mo rí òkè Afo lójú mi, mo rí ẹrẹ̀ ìgbà òjò, mo rí ìwọ nìkan nínú ọkọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà lọ dá ìwé àṣẹ náà padà fún ọ̀gá. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ, Àṣàkẹ́, n kò sì sọ ọ́ tó nígbà tí o wà nílé. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin oko yẹn náà ní bàbá.

Ìyá rẹ kó ẹ̀wà àti gààrí fún mi láti gbé bọ̀, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé òun náà fẹ́ kọ́ mọ́tò. N kò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. N kò rẹ́rìn-ín ní tèmi.

Ọjọ́ tí mo bá rí i pé ọwọ́ rẹ ti tó, n kò ní í wọ ọkọ̀ èrò padà sí Ọ̀wọ̀. Ìwọ ni yóò wà mí délé. N kò ní í jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, nítorí mo mọ ara mi, n ó máa tẹ bíréèkì tí kò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ni n ó dùbúlẹ̀ sí, níbi tí wọ́n ń tẹ́ aláboyún sí, orí mi síwájú, ẹsẹ̀ mi sí ilẹ̀kùn. N ó la ojú mi sí òrùlé láti Afo títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, n kò sì ní í dìde wo ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́, tó sì ń bọ̀,

Búràímọ̀.